Ẹ̀gbà Idẹ Méjì àti Ère Tádà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí àṣìṣe ara mi. Ní ọdún 1984, ìyá tó bí bàbá mi papòdà. Òkú àgbà ni, a kò sunkún púpọ̀, ìnáwó ni a ń múra rẹ̀. Láàárín àwọn ẹrù tí Màmá Àgbà fi sílẹ̀, ẹ̀gbà idẹ méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Ìyá tó bí wọn ló kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n, nítorí pé olóòṣà Ọ̀ṣun ni ìyá náà, kí ìgbàgbọ́ tó wọ ilé wa. Ṣùgbọ́n àìsàn ti dá Màmá dúbúlẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta kí wọ́n tó lọ, kò sì sí ẹni tó rántí ẹ̀gbà. Wọ́n ti ṣú, wọ́n dúdú, ìpẹtà tó dà bí àwọ̀ ewé sì ti kó sí ojú gbogbo ọnà tí alágbẹ̀dẹ fín sí wọn lára.

Ojú tì mí. Èmi ni ọmọ tó ti ìlú ńlá dé, mo ní àlejò kò gbọdọ̀ bá irú nǹkan báyìí lórí tábìlì tí a fẹ́ tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán Màmá. Mo lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní ìdíkọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní omi bátìrì díẹ̀. Mo da á sínú abọ́ ike, mo ju ẹ̀gbà kan sí i, mo sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbà náà mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ idẹ ti kúrò lára rẹ̀. Ó ti pọ́n rúsúrúsú bí egbò tí èépá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ọnà tó wà lára rẹ̀ sì ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò lè sọ pé ẹyẹ ni tàbí ẹja. Ibi tí mo dúró sí tí mò ń yí i lọ yí i bọ̀ ni àbúrò Màmá Àgbà ti wọlé bá mi.

Wọ́n ní, "Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

Mo ní, "Omi bátìrì ni, Mà."

Wọn kò pariwo. Wọ́n mú ẹ̀gbà kejì lórí tábìlì, wọ́n wé e mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ wọn, wọ́n ní, "Àádọ́ta ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ èyí, kò jẹ ẹ́. Ìwọ fi òru ọjọ́ kan jẹ ìkejì tán." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé ìdí ìwé. Ohun tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà, tí mo rò pé ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ títí di òní, ni pé ìpẹtà kì í ṣe ìdọ̀tí tó ti òde wá bà lé idẹ bí eruku ti í bà lé àga. Ara idẹ fúnra rẹ̀ ni, tí afẹ́fẹ́ àti omi ti sọ di nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ha ìpẹtà dànù, ara idẹ ló ń ha dànù. Bó pẹ́ bó yá, bí a bá ń ha á lọ́dọọdún, ohun tí a ń tọ́jú yóò tán sí wa lọ́wọ́.

Idẹ, bí àwọn alágbẹ̀dẹ ti mọ̀, kì í dá wà. Bàbà ni wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ irin funfun kan tí òyìnbó ń pè ní síńkì. Síńkì yìí kò lágbára tó bàbà níwájú omi kíkan. Bí omi bátìrì bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ yọ́ bọ́ sínú omi, bàbà yóò wá ṣẹ́kù ní òun nìkan, pẹ̀lú ihò wẹ́wẹ́ níbi tí èkejì rẹ̀ ti jáde. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbà mi fi pọ́n. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà lè ṣe irú rẹ̀ bí a bá rẹ idẹ sínú rẹ̀ tí a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa kì í rẹ ẹ́. Wọn a gé ọsàn sí méjì, wọn a ti ojú ibi tí wọ́n gé bọ inú eérú kíkúnná tàbí iyọ̀, wọn a fi ra ara idẹ wéréwéré, wọn a ṣàn án nínú omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn a sì nù ún gbẹ. Fún ìkòkò àti nǹkan tó le, wọn a fi ewé ìpín, èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán ara igi, gbo ó. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ewé ìpín kan ẹ̀gbà tó ní ọnà lára. Ta ló kọ́ wọn? Ọwọ́ ló kọ́ wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti fàdákà kún un kí n má baà gbàgbé, nítorí pé ìyẹn yàtọ̀. Imí-ọjọ́ ló ń sọ fàdákà di dúdú, kì í ṣe omi. Ó wà nínú èéfín, ó wà nínú òórùn gọ́tà, ó wà nínú ẹyin. Ẹni tó bá fi ṣíbí fàdákà jẹ ẹyin yóò rí i pé ẹnu ṣíbí náà ti ṣú kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ fàdákà tí àwọn ìyá wa fi ṣe yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn ni àwọn alágbẹ̀dẹ yọ́ láti ara owó ṣílè. Ṣílè tí ìjọba ń ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti 1913 jẹ́ fàdákà gidi, kó tó di pé ní 1920 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdàlù idẹ rọ ọ́. Ẹni tó bá ní irú yẹtí bẹ́ẹ̀ nílé, kó má ha á. Kó tẹ́ fóìlì tí àwọn olóúnjẹ fi ń wé ẹran sí ìsàlẹ̀ abọ́, kó gbé yẹtí lé e, kó bu bákìn-sódà ṣíbí kan sí i, kó wá da omi gbígbóná lé gbogbo rẹ̀ lórí. Yóò gbọ́ òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Kó má bẹ̀rù: imí-ọjọ́ ló ń fi fàdákà sílẹ̀ tó ń lọ bá fóìlì, nítorí pé ó fẹ́ràn fóìlì ju fàdákà lọ. Èyí tó dára jù níbẹ̀ ni pé fàdákà tó ti di dúdú yóò padà di fàdákà, kò ní lọ. Nínú gbogbo ọ̀nà ìfọ̀ tí mo mọ̀, èyí nìkan ló ń dá nǹkan padà fún olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n yẹtí tó bá ní òkúta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kò gbọdọ̀ wọ inú omi yìí, nítorí pé omi gbígbóná lè tú àtè rẹ̀.

Idẹ kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sí irin tí Yorùbá fọ̀ tó o. Ti Ọ̀ṣun ló sì ga jù. Gbogbo ẹni tó bá mọ oríkì òrìṣà yìí ló mọ̀ pé wọ́n ń fi ṣe àpọ́nlé rẹ̀ pé ó máa ń fọ idẹ rẹ̀ kó tó kan ọmọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé èébú ni. Ìyá wo ni yóò fi ọmọ sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí kó lọ máa ra ẹ̀gbà? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló là mí lójú pé nínú ìfọ̀ idẹ yẹn ni ọmọ ti ń wá. Omi tí Ọ̀ṣun fi ń fọ idẹ náà ni omi tí àgàn ń mu. Nítorí náà, bí olóòṣà bá lọ sí odò tó ń ra abẹ̀bẹ̀ idẹ àti ẹ̀gbà, afínjú nìkan kọ́ ló ń ṣe. Ọmọ ló ń tọrọ.

Ìdẹra yìí bá wọn sọdá òkun. Ní Cuba, níbi tí wọ́n ń pè é ní Ochún, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Màríà Wúńdíá kan tí ilé rẹ̀ wà ní ìlú El Cobre, nítòsí Santiago. Ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ni bàbà, nítorí pé kòtò tí àwọn ẹrú ti ń wa bàbà ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Ní 1916 ni Póòpù fi Màríà yìí ṣe alábòójútó gbogbo Cuba. Òyìnbó mú àwọn èèyàn wa lọ wa bàbà, wọ́n sì rí ìyá tí bàbà jẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ńkọ́? Ìfọ̀ di ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ní 1905, ilé-iṣẹ́ Reckitt tó wà ní ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Brasso jáde, agolo rẹ̀ sì tàn dé gbogbo ibi tí àsíá wọn dé. Bọ́tìnnì ọlọ́pàá, àmì fìlà ọmọ ogun, fèrè àwọn Boys' Brigade tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1908, ọ̀pá fìtílà ṣọ́ọ̀ṣì, pátákó idẹ tí lọ́yà kọ orúkọ sí lẹ́nu ọ̀nà: gbogbo wọn ni wọ́n ń fi Brasso ra. Bí bọ́tìnnì ọlọ́pàá kò bá dán, ìyà ń bẹ. Mo ṣì rántí òórùn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí àwọn ìyá ìjọ jókòó yí ìdì idẹ tó ń gbé Bíbélì ká, tí ìka ọwọ́ wọn dúdú bí ẹni tó ta aró, tí wọ́n ń ṣe òfófó díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Brasso jẹ́. Epo ni, pẹ̀lú ìyẹ̀fun kíkúnná tó ń ha nǹkan. Ìyanrìn inú agolo ni. Bí ẹ bá rí bọ́tìnnì ògbólógbòó ọmọ ogun, ẹ fi ọwọ́ pa á, ẹ ó rí i pé àmì orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Pátákó lọ́yà mìíràn ń bẹ tí a kò lè ka orúkọ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ń dán bí oòrùn. Èyí tó tún burú jù ni ti ohun tí wọ́n kàn fi fàdákà bò lójú. Fàdákà ibẹ̀ kò nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ, ọdún mélòó kan péré ni ìfọ̀ tó le yóò fi ha á tán, tí irin abẹ́ rẹ̀ yóò sì yọjú.

Ibi tí mo ń bọ̀ wá nìyí. Létí odò Ọya, ní ilẹ̀ Tápà, ní apá tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Kwara lóde òní, abúlé kékeré kan wà tó ń jẹ́ Tádà. Ère ọkùnrin kan wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé orúnkún èkejì sókè, ó ró aṣọ mọ́ ìdí, ara rẹ̀ sì rí bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí ara ẹni tó ń jẹun yó. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́. Ìtàn àwọn Tápà sọ pé Tsoede ló gbé e wá. Tsoede yìí ni akọni tó dá ìjọba wọn sílẹ̀, ọmọ Àtá Ígálà ni, ó sì sá kúrò ní Ìdá nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi idẹ ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà wo ojú rẹ̀, wọ́n wo bí ẹran ara rẹ̀ ti rí, wọ́n ní ọwọ́ Ifẹ̀ nìyí. Nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìkẹrìnlá ni wọ́n rọ ọ́, ó sì ti dàgbà kó tó di ayé Tsoede. Bó ṣe rìn dé Tádà, àwọn onítàn ṣì ń jà sí i. Àwa tí a gbọ́ pé ọmọ Tápà ni ìyá Ṣàngó, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu jù pé nǹkan Ifẹ̀ lè dé ilẹ̀ Tápà.

Kì í ṣe idẹ ni ère náà. Bàbà ni, bàbà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àdàlù rárá. Ẹ bi alágbẹ̀dẹ yín wò, yóò sọ fún yín pé èyí le. Bàbà tí kò ní àdàlù kì í yọ́ títí iná yóò fi kọjá ìwọ̀n Celsius 1,080, bó bá sì yọ́ tán, kì í ṣàn dáadáa, kíá ló ń dì, atẹ́gùn a sì há sínú rẹ̀. Àwọn tó rọ ère yìí rí wàhálà náà. Ojú àlẹ̀mọ́ wà lára rẹ̀, níbi tí bàbà kò dé tí wọ́n ní láti tún da òmíràn sí i. Bàbà náà kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé wọn. Irin báyìí ń gba aginjù Sàhárà kọjá lórí ràkúnmí. Ní 1964, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Théodore Monod, rí ọ̀pá idẹ tó lé ní 2,000 nínú iyanrìn Mauritania, níbi tí àwọn oníràkúnmí kan rì í mọ́ ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn tí wọn kò sì padà wá gbé e.

Báyìí, kí ni àwọn ará Tádà ń fi ère yìí ṣe? Fífọ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sí etí odò Ọya, tí wọn a fi iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ inú odò gbo gbogbo ara rẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn aya wọn yóò máa bímọ, ẹja odò náà yóò sì máa bí sí i. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: irin pupa, omi odò, ọmọ. Ṣé kì í ṣe ohun tí a sọ nípa Ọ̀ṣun náà nìyí, bí ẹni pé ìyá kan ló bí èrò méjèèjì?

Ìfọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn jẹ ère náà. Ara rẹ̀ ti dán, ibi tó yẹ kó mú ti kú, òkúta odò ti kó ohun tí a kò lè wọ̀n lọ lára rẹ̀. Ẹ wá fi wé àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin Ifẹ̀, ní 1938, nígbà tí àwọn kan ń wa ìpìlẹ̀ ilé. Ilẹ̀ ló gbé wọn mì, kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Nígbà tí wọ́n jáde, ìpẹtà wà lára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilà wẹ́wẹ́ tó wà lójú wọn ṣì yọ kedere bí ẹni pé àná ni alágbẹ̀dẹ fà á. Kódà, ọ̀dà tí wọ́n fi kùn wọ́n ṣì hàn fírífírí lára àwọn mìíràn. Ọwọ́ Brasso kan, ká ní ẹnì kan sáré gbé e, ìbá ti kó ọ̀dà ọgọ́rùn-ún ọdún méje lọ sínú àkísà.

Ó rọrùn kí a dá àwọn ará Tádà lẹ́bi. Èmi kò dá wọn lẹ́bi, kì í sì í ṣe nítorí pé èmi náà jẹ̀bi. Bàbà jẹ́ ohun iyebíye. Ère mélòó ni wọ́n ti yọ́ láti fi rọ ẹ̀gbà, tí wọ́n yọ́ ẹ̀gbà láti fi rọ agogo? Èyí tó wà ní Tádà, kò sẹ́ni tó yọ́ ọ, nítorí pé iṣẹ́ wà tó ń ṣe. Ẹni tí gbogbo abúlé gbé ọmọ àti ẹja wọn lé lọ́wọ́, ta ni yóò gbé e lọ sí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ? Ọwọ́ tó ń jẹ ẹ́ ni ọwọ́ tó pa á mọ́. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni ǹ bá fẹ́, ǹ bá ní kí wọ́n máa fi omi lásán wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ní bi mí nígbà náà? N kò ní ẹja nínú odò.

Wọ́n ti gbé e wá sí Èkó tipẹ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà ní Oníkan ló ni ín nínú ìwé. Ó wà lára àwọn ìṣúra Nàìjíríà tí wọ́n kó lọ hàn ní Detroit ní 1980, ó sì tún dé British Museum ní London ní 2010. Ìbọ̀wọ́ ni àwọn tó ń gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń wọ̀, nítorí pé iyọ̀ inú òógùn ọwọ́ èèyàn lásán ti tó láti dá egbò sí ara bàbà. Ọjọ́ Jímọ̀ ń dé, ó ń lọ, kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ sí odò mọ́.

Iyọ̀ yìí ni mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí fún ẹni tó ní idẹ àtijọ́ nílé. Kì í ṣe gbogbo ìpẹtà ló jọra. Èyí tó dúdú, tó ki, tó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́, aṣọ ni fún idẹ, òun ló ń bo ara rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má jẹ ẹ́ sí i. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Irú àkísà yẹn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jábọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án, tó tún ń hù padà lẹ́yìn tí a nù ún, àrùn nìyẹn. Iyọ̀ ti wọ ara rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ sínú. Gbígbẹ nìkan ló ń dá a dúró: kí ẹ gbé e sí ibi tí omi àti ọ̀rinrin kò dé, kí ẹ sì fi han ẹni tó mọ̀. Ìdí sì nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń ṣan idẹ nínú omi púpọ̀ lẹ́yìn ọsàn àti iyọ̀.

Nígbà tí àbúrò Màmá Àgbà náà papòdà ní 1997, àwọn ọmọ wọn fi ẹ̀gbà kejì ránṣẹ́ sí mi, wọ́n wé e sínú aṣọ òfì tó ti gbó. Wọn kò kọ lẹ́tà sí i. N kò fi ọsàn kàn án, kí á má tíì sọ Brasso. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ni mo fi wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo nù ún gbẹ, mo sì fi ìpẹtà tó wà nínú ọnà rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹja ni ọnà náà, ẹja méjì tó ń lé ara wọn yí ẹ̀gbà ká.

Ìkínní wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà. Pípọ́n rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ mi bá bi mí pé ọnà wo ló wà lára rẹ̀ rí, ìkejì ni mo máa ń mú jáde fi hàn án.